Ẹ Béèrè, A Ó Fèsì: Òjé Bátìrì, Omi Àgbàrá, àti Ẹni Tí Wọ́n Ń Bá

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dá lórí ohun kan náà: èéfín, omi tàbí ilẹ̀ tó ń ṣe ara níbi tí ẹni tó kọ̀wé ń gbé, tí owó àtikó kúrò níbẹ̀ kò sì sí. A mú mẹ́fà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ la fèsì sí jù, nítorí ọmọdé ni ewu rẹ̀ ń bá.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ògìjó là ń gbé. Lẹ́yìn ilé wa, àwọn kan ń fọ́ bátìrì mọ́tò, wọ́n á wá yọ́ ohun inú rẹ̀ lálẹ́. Èéfín rẹ̀ máa ń ta wá lọ́fun. Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan ọdún mẹ́rin, ìkejì ọdún kan ààbọ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ jẹun mọ́, inú sì ń run ún. Onílé ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó jáde, bẹ́ẹ̀ owó ọdún kan la ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Kí ni ká ṣe? — Ìyálé ilé kan, Ògìjó

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìrọ́jú. Òjé ló wà nínú bátìrì mọ́tò, ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Bátìrì tó wọn kílò 15, òjé inú rẹ̀ lè tó kílò 8 tàbí 9. Èyí tó le bí irin kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ àwọn páànù inú rẹ̀ ni, òun ló máa ń fò káàkiri tí wọ́n bá fi àdá tàbí àáké la bátìrì. Bí wọ́n bá sì yọ́ ọ nínú ìkòkò lórí iná láìsí ẹ̀rọ tó ń gba èéfín rẹ̀ mú, òjé á bá èéfín lọ, á bà sórí òrùlé, sórí ẹ̀fọ́, àti sílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Òjé kì í jẹrà, oòrùn kì í pa á, òjò kì í fọ̀ ọ́ tán. Ilẹ̀ tí wọ́n fọ́ bátìrì sí ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè pa ọmọ òní lára.

Nínú òjé tí ọmọdé bá gbé mì, èyí tó ń wọ ara rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọ tí kò sì rí èròjà irin àti kálísíọ́ọ̀mù jẹ tó, ara rẹ̀ tún ń gba òjé ju ti ọmọ tó ń jẹun dáadáa lọ, nítorí pé ara máa ń ṣi òjé gbé bíi pé kálísíọ́ọ̀mù ni. Ẹ wò ó: eruku kan náà, ọmọ méjì, ọmọ ilé tí kò rówó ra ẹja ni yóò gbà jù. Ibí yìí ni àìní ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008 ní àdúgbò tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń fi asẹ́ sẹ́ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀ tà. Ní Ògìjó tiyín, àyẹ̀wò rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ àti aráàlú ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ sì ti àwọn ilé iṣẹ́ ayọ́bátìrì kan pa. Àwọn tó ń fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé kì í sábà sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn báyìí, fún ọmọ méjèèjì, kì í ṣe fún èyí tínú ń run nìkan. Inú rírun, àìlèyàgbẹ́ àti àìfẹ́ jẹun wà lára àmì òjé, wọ́n sì máa ń pè é ní aràn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í fi àmì kankan hàn, títí tí ìwé kò fi ní wọ orí wọn mọ́. Bí gìrì bá gbé e, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ló yẹ kí ẹ lọ, kí ẹ sì dárúkọ òjé fún dókítà, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà ń ṣe kì í wá a. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà láti iṣan. Èyí tí wọ́n bá gún ní ìka lè kó eruku ọwọ́ mọ́ra, kó sì purọ́. Máíkírógíráàmù nínú désílítà ni wọ́n ń fi kà á. Kò sí iye tí a mọ̀ tí kò léwu. Bó bá ti tó 5, àfi kí wọ́n wá ibi tí òjé náà ti ń wá. Bó bá tó 45, ọmọ nílò oògùn tó ń fa òjé jáde, dókítà nìkan ló sì lè fún un. Bí ọmọ bá gba oògùn náà tán tó tún padà sínú eruku kan náà, iṣẹ́ dòfo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra àgbo “afọ̀jẹ̀” kankan sí i.

Nínú ilé, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀ ní gbígbẹ mọ́, eruku ló ń gbé dìde. Ẹ máa fi aṣọ tútù nulẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, ìkejì lẹ ó máa fún aṣọ náà sí. Omi ìdọ̀tí yẹn, inú ṣáláńgá ni kí ẹ dà á sí, ẹ má dà á sẹ́nu ọ̀nà. Ojú fèrèsé, níbi tí eruku ń jókòó sí, ẹ nù ún ju àárín yàrá lọ. Bàtà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun àti kí wọ́n tó sùn, kí èékánná wọn sì kúrú, nítorí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ń fi ọwọ́ sẹ́nu ní gbogbo ìgbà. Ẹ má sá èlùbọ́, láfún tàbí ata sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àdúgbò yẹn. Ẹ má jẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri ibẹ̀. Omi òjò tó bá ti orí òrùlé ṣàn, ẹ má fún ọmọ mu. Síse omi kì í lé òjé lọ. Omi ló ń gbẹ, òjé á kù sílẹ̀.

Oúnjẹ kò lè lé èyí tó ti wọlé jáde, ṣùgbọ́n ó ń dín èyí tó ń bọ̀ kù. Edé gbígbẹ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a lọ̀ tegungun-tegungun sínú ọbẹ̀ ní kálísíọ́ọ̀mù. Ẹ̀wà, tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ní èròjà irin, ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ lẹ́yìn wọn sì ń jẹ́ kí irin náà wọra. Ẹ fún ọmọ ní ìpápánu kó tó jáde ṣeré láàárọ̀, nítorí inú òfìfo ń gba òjé ju inú tó kún lọ.

Tìróò ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ bá ń lé e fún àwọn ọmọ, ẹ dá a dúró lónìí. Òjé ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, wọ́n rí òjé 13 nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, nígbà tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé.

Ní ti ilẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá àti ibi tí wọ́n ń ṣeré ni kí ẹ kọ́kọ́ bò. Ẹ tẹ́ àpò sàkì sílẹ̀, kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ mímọ́ láti ibòmíràn lé e, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Àpò náà ni yóò fi hàn yín bí òjò bá ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ tuntun lọ. Ẹ má ha ilẹ̀ àtijọ́ dà sí àgbàlá ẹlòmíràn.

Ó dùn wá pé gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, omi yín ni, ọṣẹ yín ni, àkókò yín ni, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń fọ́ bátìrì ló jẹ gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dá lọ bá onílé mọ́. Ayálégbé kan ló ṣeé lé jáde. Ogún ilé tó fọwọ́ sí ìwé kan náà kò ṣeé lé. Ẹ kọ ọ́ sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí títẹ̀lé òfin àyíká, sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká, àti sí ìjọba ìbílẹ̀ yín: ọjọ́, wákàtí, ibi tí èéfín ń fẹ́ sí, iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àti èsì àyẹ̀wò bó bá ti jáde. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún yín láṣẹ láti béèrè èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi tí ìjọba bá ti ṣe ládùúgbò yín, láìsọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tuntun, ìlànà tí ìjọba ń tẹ̀lé lábẹ́ òfin ọdún 1992 tó dá lórí àyẹ̀wò àyíká ni pé kí wọ́n gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn. Ọjọ́ 21 yẹn máa ń kọjá láìsí ẹni tó gbọ́, ní àdúgbò tí kò ní lọ́yà. Ẹ yan ẹnì kan nínú yín tí yóò máa lọ wò ó.

Ẹ̀yin olóòtú, oníkọ́ńdẹ́mù ni mí. Bátìrì tí mò ń rà kiri ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Gbogbo ènìyàn ń bú wa báyìí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni màá jẹ? — Ọ̀gbẹ́ni kan, Ìkòròdú

A kò ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí ẹ ń gbé, inú ilé ẹni tó ní ínfátà ló ti wá, lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí wọ́n so ínfátà mọ́. Ẹni tó lo iná rẹ̀ kò bá èéfín rẹ̀ pàdé rí. Ẹ̀yin lẹ pàdé rẹ̀, àwọn ọmọ yín sì ni ìkejì.

Ẹ máa rà á, ẹ máa tà á ní odindi. Ẹ má là á, ẹ má sì da ásíìdì rẹ̀ nù kí ó lè fúyẹ́. Ibi tí wọ́n bá da ásíìdì sí, òjé wà nínú rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé e wọlẹ̀. Ẹ to bátìrì ní ìdúró nínú ọmọlanke, ihò rẹ̀ sókè, pẹ̀lú ike tàbí ọ̀rá nípọn lábẹ́. Èyí tó bá ti sán, ẹ gbé e sínú garawa oníke tirẹ̀. Irin ni ásíìdì ń jẹ. Ẹ da páálí bo orí irin méjèèjì kí wọ́n má baà kan ara wọn, torí iná lè ṣẹ́ jáde. Bí ásíìdì bá ta sójú, omi mímọ́ púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Èyí tó bá dà sílẹ̀, ẹ bu sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lé e títí yóò fi dẹ́kun híhó. Ẹ má fi aṣọ iṣẹ́ gbé ọmọ. Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá lórí iṣẹ́ láìfọwọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn ṣe pàtàkì ju ìbòmú aláṣọ lọ, nítorí aṣọ kì í dá lẹ́búlẹ́bú òjé dúró.

Ẹ dákun, ẹ yé gbè sẹ́yìn tálákà nínú ọ̀rọ̀ omíyalé. Àwọn tálákà ló ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Omíyalé kò sì mọ olówó: bó ṣe ń wọ Ajégúnlẹ̀ ló ń wọ Lẹ́kkí. — Òǹkàwé yín láti Súrùlérè

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ń dí gọ́tà, omi sì ń wọ Lẹ́kkí. Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé omi náà díẹ̀.

Ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí ní Èkó kì í wọ ọ̀nà tí kò gba mọ́tò. Ibi tí ọkọ̀ kò bá dé, ìdọ̀tí ibẹ̀ yóò wá ibi kan lọ, gọ́tà sì ni ìsọ̀kalẹ̀ tó sún mọ́ jù. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù tàbí ọmọlanke tó ń kó o lọ sí etí títì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ń ṣe ju èébú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, àbàtà tó ń gba omi mu ní Èkó ti di ilé púpọ̀. Ẹni tó bá kó iyanrìn dí àbàtà, tó sì gbé ilẹ̀ tirẹ̀ ga ní mítà kan, kò pa omi náà run; ó lé e sílé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ga.

Ẹ wo etí òkun. Láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ni ìgbì ń ti iyanrìn lọ ní etí òkun Èkó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ odi méjì wọnú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà wọlé, iyanrìn dúró ní apá ìwọ̀ oòrùn, apá ìlà oòrùn kò sì rí tirẹ̀ gbà mọ́. Báyìí ni òkun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach, tí ìjọba ń da iyanrìn sí i léraléra. Lónìí, wọ́n ti mọ odi ńlá síwájú rẹ̀ láti dáàbò bo Victoria Island àti Eko Atlantic. Odi náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ìgbì kò sinmi. Ẹ̀yìn odi, síwájú síhà ìlà oòrùn, ni ebi iyanrìn ti ń pa etíkun báyìí, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Òkun Alfa ti ń kígbe pé òkun ń gba ilé àwọn.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Onílé tó ní òkúta àti símẹ́ńtì ni kò gbà fún un. Bí omi bá sì fà, ẹni tó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti gbé fìríìjì rẹ̀ gòkè, ẹni tó ní ìdánilójú ìbánigbófò ti pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá ilẹ̀ ń sá mátírẹ́ẹ̀sì.

Èyí tó tún bani nínú jẹ́ ni pé wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ àyíká lé tálákà kúrò. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n wó Òtòdò-Gbàmẹ̀ létí ọ̀sà Èkó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di aláìnílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó dájọ́ pé irú ìlénijáde bẹ́ẹ̀ láìpèsè ibòmíràn lòdì sí òfin. Nígbà náà, ilé ti wó.

Ẹ kú iṣẹ́. Odò Ògùn kún, ó wọ àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Omi ti fà, ṣùgbọ́n kànga wa ń rùn. Omi kẹ́ẹ̀gì ti wọ́n. Báwo la ṣe lè tún un ṣe? — Alága ayálégbé kan

Ẹ fa omi kànga náà gbẹ, ẹ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi hípò fọ ara ògiri rẹ̀. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga rárá: èéfín rẹ̀ kò ríbi jáde, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ àti ẹni tó lọ gbà á là.

Bí omi tuntun bá ti sun, ẹ so òkúta mọ́ okùn kí ẹ wọn jíjìn rẹ̀. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan, mítà omi kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ tó lítà 800. Hípò olómi tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, tí kò ní òórùn dídùn àti àwọ̀, lítà kan ààbọ̀ ni fún lítà 1,000 omi. Nítorí náà, bí omi bá jìn tó mítà mẹ́ta, ó jẹ́ lítà 2,400, hípò yín á tó lítà mẹ́ta àti ẹ̀ta nínú ìdá márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dà á yí ara ògiri ká. Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì olókùn ro omi náà sókè sísàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fa omi fún wákàtí 12. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á dànù títí òórùn hípò yóò fi lọ. Ẹ má da hípò pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí ọṣẹ ìfọṣáláńgá; afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde nínú wọn.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á tọ́jú kànga lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ó yẹ kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30. Nínú ọgbà tí ilé mẹ́fà wà lórí ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan, mítà 30 kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì pín ilẹ̀ náà. Nítorí náà, omi mímu ní láti máa gba ìtọ́jú lójoojúmọ́: hípò kan náà, mílílítà 3 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tí omi rẹ̀ mọ́ kedere, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbí ìpotíì kún fún mílílítà 5, nítorí náà kó lé díẹ̀ ní ìdajì. Omi tó bá dọ̀tí, ẹ fi aṣọ funfun mẹ́rin-mẹ́rin sẹ́ ẹ kí ẹ tó fi hípò sí i. Ẹ tún lè sè é títí yóò fi hó gidi fún ìṣẹ́jú kan. Bí omi bá ń rùn bí epo mọ́tò, hípò àti iná kò lè ṣe é. Ẹ má mu ún.

Ẹnu kànga gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi dé lára ògiri lọ́tẹ̀ yìí. Ríǹgì méjì lé lórí rẹ̀ àti ìdérí ni owó tó kéré jù tí ẹ lè ná kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Kí àwọn ilé tó ń pọn níbẹ̀ dá a.

Yàrá kan la ń gbé nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ìbàdàn. Ayálégbé méje ló ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, gbogbo rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Orí ń fọ́ wa láràárọ̀. — Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ gbé wọn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lónìí, kí alẹ́ tó lẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn bẹntiróòlù tí ẹ ń gbọ́ kọ́ ni. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará yàrá papọ̀, tó sì ń lọ bí wọ́n bá jáde síta, kì í ṣe ibà. Bí ẹnì kan bá dákú, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, ẹ pa ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn ni.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà 6. Ẹni tó ní àgbàlá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní tiyín, méje kò lè rí mítà 6, ṣùgbọ́n ọ̀kan lè rí i. Ẹ̀rọ kan tó tó ẹrù ilé yín, lẹ́yìn ilé tàbí ní igun ọgbà tó jìnnà jù, nínú àgò irin tó ní àgádágodo, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ẹnu ẹ̀sọ́ọ̀sì rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí fèrèsé. Gílóòbù LED wáàtì 9 mẹ́wàá àti fáànù wáàtì 60 mẹ́wàá kò tó wáàtì 700 lápapọ̀. Ẹ gba oníná tó mọṣẹ́ láti fa wáyà, kí fúùsì wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn máa pa tirẹ̀ nìkan. Owó epo, ẹ pín in lórí iye gílóòbù àti fáànù. Kí ẹ̀rọ kú kí ẹnikẹ́ni tó sùn, nítorí ẹni tó sùn kì í mọ̀gbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun. Ẹ̀rọ tó ń lo epo pípò mọ́ ọ́ìlì ń rú èéfín ju èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lọ; bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, irú kejì ni kí ẹ rà.

Lọ́ńdọ̀nù la wà, nínú ilé kánsù. Ògiri yàrá àwọn ọmọ ti bu, ó dúdú, ìkọ́ sì ń yọ àbíkẹ́yìn wa lẹ́nu. Wọ́n ní ọbẹ̀ tí a ń sè ló fà á, kí a máa ṣí fèrèsé. — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, Peckham

Ẹ kú ìrọ́jú nínú òtútù. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún àwọn òbí Awaab Ishak ní Rochdale, pé bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ló fa ògiri bíbu. Ọmọ ọdún méjì náà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sì sọ ní ọdún 2022 pé ògiri tó bu ló fà á. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 fún ilé kánsù àti ti ẹgbẹ́ onílé ìrànwọ́.

Bí ewu bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní láti wádìí rẹ̀ kí wọ́n sì mú un kúrò. Bí ọ̀rinrin àti ògiri bíbu bá burú débi tó lè pa ìlera lára, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti wá wò ó, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fi tó wọn létí. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 lẹ́yìn ìwádìí náà, kí wọ́n sì mú ewu kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Bí wọn kò bá lè ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn fún yín láti gbé fúngbà díẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé aládàáni kò tíì sí lábẹ́ òfin yìí. Ẹ̀ka ìlera àyíká ti kánsù ni kí wọ́n pè.

Nítorí náà, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù nìkan. Ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì, kí ọjọ́ rẹ̀ lè wà nílẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ orí ọmọ náà àti àìsàn rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́. Òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ti ìlera. Ẹ ya fọ́tò ògiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín. Ẹ má fi ọ̀dà bò ó kí wọ́n tó wá wò ó. Bí wọ́n bá tún dárúkọ ọbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn bí ògiri ṣe rin sí nínú lọ́hùn-ún, kí wọ́n wo gọ́tà òrùlé, páìpù àti fáànù ilé ìdáná, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Bí ìpele méjèèjì tí wọ́n là kalẹ̀ fún ẹ̀sùn nínú kánsù bá parí láìsí àtúnṣe, ọ̀dọ̀ Housing Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ayálégbé, ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.